Wọn Kò Já Ilẹ̀kùn, Kọ́kọ́rọ́ Ni Wọ́n Tọrọ

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ìdá mẹ́wàá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ni, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní crypto: Bitcoin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2009, àti àwọn tó tẹ̀lé e. Bóyá ó dára kí èèyàn rà á tàbí kò dára, n kò bá ti ìyẹn wá. Àwọn tí wọ́n ti jí tiwọn gbé ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ìyá wa. Ẹni tó ń tọ́jú owó yìí fúnra rẹ̀ kò ní ìwé báńkì, kò sì ní máníjà kankan tó lè sá tọ̀ lọ. Ohun tó ní ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 12 tàbí 24, irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ iléèwé mọ̀, tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048 ni ẹ̀rọ ti ń ṣà wọ́n. Ẹni tó bá ti mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe tò lè kó owó náà lọ. Ó parí! Ẹ̀rọ kò ní béèrè orúkọ, kò ní béèrè ìka ọwọ́. Bí owó bá sì ti lọ, kò sí bọ́tìnì tí a ó tẹ̀ tí yóò fi padà.

Olè kò lè dédé mọ ọ̀rọ̀ 24 yẹn. Nítorí náà, ó ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Ilé iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Faransé, Ledger lorúkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń pa kọ́kọ́rọ́ owó yìí mọ́ kúrò lójú olè íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìbìkítà, àbí? Ẹni tó lọ ra àgádágodo ni. Lọ́dún yẹn, àwọn kan jí àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ náà: àdírẹ́sì ímeèlì bíi mílíọ̀nù kan, àti orúkọ, àdírẹ́sì ilé pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn bíi 272,000. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tú u síta fún gbogbo ayé. Wọn kò rí kọ́bọ̀ jí nínú ẹ̀rọ náà o. Orúkọ ni wọ́n jí. Orúkọ náà sì tó wọn í lò.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Lẹ́tà náà ní ewu ti wọ inú ẹ̀rọ oníbàárà, kó tètè wá tẹ ọ̀rọ̀ 24 rẹ̀ síbí kí owó rẹ̀ má baà lọ. Ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ jọ ti Ledger bí ìbejì. Ní 2021, wọ́n fi ẹ̀rọ ayédèrú ránṣẹ́ sílé àwọn kan, nínú páálí tuntun. Ní 2025 pàápàá, lẹ́tà orí bébà ṣì ń wọ ilé àwọn oníbàárà.

Ojúkòkòrò dà níbẹ̀? Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó fẹ́ dáàbò bo ohun ìní rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n mú.

Mo mọ̀ pé ojúkòkòrò wà nínú òmíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 2020 kan náà, àwọn olè wọ orí Twitter, èyí tó di X ní 2023. Wọ́n fi orúkọ Obama, Biden àti Bill Gates kọ ọ́ pé ẹni tó bá fi Bitcoin ránṣẹ́ yóò gba ìlọ́po méjì. Owó tí wọ́n rí kó lé ní 100,000 dọ́là. Ẹni tó ń wá ìlọ́po méjì, a lè bá a wí. Ṣùgbọ́n báwo ni àwọn olè yẹn ṣe wọlé? Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ Twitter lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń pè láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, wọ́n wá júwe ojú ìwé ayédèrú fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ password wọn síbẹ̀. Ọmọ ọdún 17 kan láti Tampa ní Florida ni olórí wọn! Bí òṣìṣẹ́ Twitter bá lè kó sí i, kí la fẹ́ fi bú màmá tó ń ta aṣọ ní Gbági?

Nítorí náà ni n kò fi fẹ́ gbọ́ ọ nínú ìjọ yìí mọ́ pé ìgbàgbọ́ lágbájá ni kò tó. Ẹ wò ó, ìtìjú tí a dì lé e lórí yẹn ni olè kejì ń jẹ. Yóò kọ̀wé pé agbẹjọ́rò ni òun, pé òun lè gba owó náà padà, kó kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ díẹ̀. FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa wọn ní 2023. Ẹni tó bá ti sọ tẹnu rẹ̀ fún ará ilé, wọn a dá a dúró. Ẹni tó dákẹ́, á tún lọ yáwó kún un.

Ìwọ tó ṣẹlẹ̀ sí, tí o ń wò mí, tí ìyàwó rẹ jókòó tì ọ́ tí kò mọ̀. Bí ó bá ku nǹkan kan, kó o lọ sínú àpò tuntun tó ní ọ̀rọ̀ tuntun, lálẹ́ òní. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan lowó wà, fúnra rẹ ṣí áàpù wọn, má gba orí líǹkì ẹnikẹ́ni, ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Má pa lẹ́tà náà rẹ́. Kọ àdírẹ́sì tí owó gbà lọ sílẹ̀, nítorí ìrìn Bitcoin hàn sí gbogbo ayé. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣẹ́ ẹ sí náírà tàbí dọ́là, ọlọ́pàá lè ní kí wọ́n dì í mú. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i, nígbà mìíràn kì í bọ́ sí i. Gbé e lọ sọ́dọ̀ EFCC. Kí o tó lọ, sọ fún ìyàwó rẹ.

Bí o kò bá mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, wá sí ọ́fíìsì ìjọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò jókòó tì ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Wọn kò ní béèrè ọ̀rọ̀ 24 rẹ. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá béèrè rẹ̀, àní bó jẹ́ èmi pásítọ̀, dìde kí o máa lọ ilé.