Ogun Inú: Ọkàn Jagunjagun nínú Ìtàn Kúkurú



Ogun kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní 1886 ni ogun Dahomey fọ́ Kétu, aládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n bí a bá fetí sí oríkì àwọn akọni, ohun tí wọ́n ṣe lójú ogun ni a máa ń gbọ́ jù; bí oorun wọn ti rí lẹ́yìn ogun kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí oríkì ti dákẹ́ ni ìtàn kúkurú ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo “Soldier’s Home” tí Ernest Hemingway tẹ̀ jáde ní 1925. Krebs pẹ́ kí ó tó ti ojú ogun dé. Ìlú ti kí àwọn akọni tán. Kí wọ́n tó lè tẹ́tí sí i, àfi kí ó parọ́, irọ́ náà sì sọ ohun tó ṣojú rẹ̀ di ìríra fún un. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, ó ní rárá. Ìjà kan kò ṣẹlẹ̀ lójú wa nínú ìtàn náà, síbẹ̀ a rí ọgbẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni Chinua Achebe gbà nínú “Girls at War” (1972), ìtàn ogun Biafra. Gladys, tí ogun ti yí ìwà rẹ̀ padà, kú níbi tí ó ti padà lọ yọ ọmọ-ogun aláàbọ̀ ara kan nínú ọkọ̀ lábẹ́ bọ́ǹbù. Ọmọ-ogun náà kò lórúkọ. Igbe ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni a gbọ́ jù.

Àwọn kan lè sọ pé ìtàn kúkurú kéré jù fún ẹrù báyìí. Èmi kò gbà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló á sá. Ọkàn tí ogun fọ́ kì í ròyìn létòlétò. Ẹyọ ẹyọ ni ìrántí ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìtàn kúkurú sì mọ bí a ti ń gba ẹyọ kan mú.

Olóògbé Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé, fara gbọgbẹ́ ní Burma ní 1944. 1999 ni ìwé ìrántí rẹ̀ tó jáde. Ọdún 55! Mélòó ni kò kọ ọ̀kan rí?

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, bí ẹ bá jókòó ti ológun àtijọ́, ẹ má bi í pé ènìyàn mélòó ni ó pa. Ẹ bi í bí ó ti sùn. Kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá.