Ìtàn Ìṣẹ̀ǹbáyé Remo Stars, Bí Èmi Ṣe Mọ̀ Ọ́n

Alága ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo ní, torí náà mi ò ní ki oríkì ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ìlú wa ló ní Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti wá. Ó dáa. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ńkọ́? Belgium ni! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 2004, FC Dender ni wọ́n ń pè é, Dender yìí sì ni orúkọ odò kan ní Belgium lọ́hùn-ún. Ifá tó yan orúkọ yẹn, babaláwo kankan ò tíì kì í fún mi. Ó di 2010 kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Remo Stars. Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ará Ṣágámù ní tàwọn ni, ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn ni Akarigbo wà. Ará Ìkẹ́nnẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn ni pápá wà, ẹni tó laṣọ lọ́rùn ló laṣọ. Àwa ìlú yòókù nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n dákẹ́, torí kò tíì sí nǹkan tá a fẹ́ pín níbẹ̀.

Àbí kí la fẹ́ pín? Wọ́n gòkè wọ líìgì àgbà, wọ́n já bọ́. Wọ́n tún gòkè, wọ́n tún já bọ́, àfi bí àbíkú. 2021 ni wọ́n tún gòkè, tí wọ́n wá jókòó. 2023, wọ́n ṣe ipò kejì, Enyimba gbafe. 2024, ipò kejì náà ni, Rangers gbafe. Èmi ti ń pè wọ́n ní ìyàwó kejì. Àfi bó ṣe di 2025, tí kóòṣì Daniel Ogunmodede àtàwọn ọmọ ẹ̀ gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Háà! Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé gbogbo wa la dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ò mọ ọ̀nà pápá Ìkẹ́nnẹ́ rí ló ń pariwo pé "a ti gbà á!" A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé Kunle Soname ló ń náwó, ọkùnrin tó lọ ra ẹgbẹ́ Feirense ní Portugal lọ́dún 2015. Ní October ọdún 2025 kan náà, Sundowns láti South Africa wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n fi 5-1 nà wá. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ó ti di "ẹgbẹ́ àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ yẹn."

Ẹ jẹ́ n bọ́jú le díẹ̀. Bí Arsenal àti Chelsea bá ń gbá, a máa ń sanwó wọ ilé ìwòran, a ó fún ara wa pa, a ó fẹ́ jà. Bí àwọn ọmọ tiwa bá ń gbá nítòsí ilé, àga òfìfo ló ń wò wọ́n. Ọmọ tó ń sáré lórí pápá yẹn máa ń gbójú sókè o, ó fẹ́ mọ ẹni tó wá. Mo wá dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa máa gba bọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Mo rí i tí akápò ń wò mí. Ẹ fọkàn balẹ̀ sà, epo lọ lèmi máa san, ẹ̀yin ẹ wá ti àbọ̀.