Ọ̀fẹ́ Tí Ó Ní Àdéhùn

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Yábàá



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kan gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yábàá àti Sùúrùlérè. Mẹkáníìkì Múṣín kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ bíréèkì. Ọjà Ládípọ̀ ni ó ti ń rà á. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń mú kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, tí a ń pè ní library, tò mọ́ tiwa. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀fẹ́ náà ní olóhun, láísẹ́ǹsì sì ni àdéhùn tí ó bá wa ṣe.

Àdéhùn MIT fúyẹ́: kí a má ṣe yọ orúkọ oníṣẹ́ àti ìwé àdéhùn rẹ̀ kúrò. GPL, tí Richard Stallman gbé jáde ní 1989, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kí a má tà á. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ètò tí a kọ́ lé e lórí lé oníbàárà lọ́wọ́, oníbàárà náà ní ẹ̀tọ́ láti gba kóòdù rẹ̀, títí kan tiwa, lábẹ́ àdéhùn kan náà.

Ẹni tí ó bá pè é ní ìwé lásán, kí ó wo ilẹ̀ Faransé. Ilé-iṣẹ́ ńlá Orange fi Lasso, library GPL tí ilé-iṣẹ́ kékeré Entr'Ouvert ṣe, ṣiṣẹ́ fún ìjọba, kò sì pa àdéhùn mọ́. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ní oṣù kejì 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Paris ní kí Orange san owó gbà-má-bínú. Nílé wa níbí, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bí ó ti dáàbò bo ìwé.

Kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́? Bí ọ̀gá bá ní kí a pa orúkọ oníṣẹ́ rẹ́, ọwọ́ wa ni yóò hàn nínú àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ ẹjọ́. Àwa ni a sì máa ń pariwo pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Kí àwa náà má lọ jókòó sí ìbòòji lórí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ ka láísẹ́ǹsì kí ẹ tó lo library. Ẹ kọ orúkọ gbogbo èyí tí ẹ lò sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti gbọ́, ẹ fi ìkìlọ̀ yín sínú ìwé, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún ẹ̀ka.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!