Oògùn Koríko Àti Ẹja Odò Wa

Ẹ̀yin ará, bí oògùn bá pa ẹja lódò, gbogbo wa la máa ń pariwo, torí òkú ẹja á léfòó. Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í léfòó.

Atrazine ni. Ẹ̀yin àgbẹ̀ alágbàdo Ṣakí àti Ìsẹ́yìn mọ̀ ọ́n dáadáa. Òjò ní ń gbá a láti oko lọ sódò. Họ́mónù inú ara ló ń sọ fún ẹja pé àsìkò ẹyin tó. Oògùn yìí ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ USGS ní Amẹ́ríkà fi ẹja kéékèèké sínú omi tó ní díẹ̀ nínú rẹ̀ fún 30 ọjọ́, kò tilẹ̀ tó ìwọ̀n tí ìjọba wọn kà sí ewu. Ẹyin wọn kéré sí ti àwọn tó wà nínú omi mímọ́.

Yúróòpù kọ̀ ọ́ lọ́dún 2004. NAFDAC tiwa fi January 1, 2025 ṣe òpin rẹ̀. Ogún ọdún gbáko!

Èyí tó ṣẹ́kù sí yàrá yín ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á sódò, ẹ má sì fọ táńkì tí ẹ fi ń fín in létí omi. Àwọn apẹja dáàmù Ikere Gorge kò bá yín rà á, àwọ̀n tiwọn ni yóò sì fúyẹ́.