PÍNPÍN AGBÁRA: ÌTUMỌ̀ RẸ̀ NÍNÚ ÌJỌBA, ÌJỌ ÀTI ÌLÚ



Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, pínpín agbára kò ju pé kí a gé ohun ńlá sí wẹ́wẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni olórí lè gbà pín iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Èkíní, ó lè rán an níṣẹ́. Ẹni tí a rán kò sì gbọdọ̀ ṣe ju ohun tí a rán an lọ. Èkejì, ó lè fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kí ó sì gbà á padà nígbà tí ó bá wù ú. Ẹ̀kẹta, ó lè fi iṣẹ́ náà fún un pẹ̀lú àṣẹ àti owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí baba ti í gé oko fún ọmọ rẹ̀, tí ìkórè sì di ti ọmọ. Ẹ̀kẹta yìí ni pínpín agbára ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wọn ọ̀ràn ìjọba. Títí di ọdún 1967, lábẹ́ Ìjọba Àríwá ni Ọ̀fà wà, Kàdúná sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù May ọdún náà ni a pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Ìlọrin sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Kwara lónìí. Nísinsin yìí ìpínlẹ̀ jẹ́ 36, ìjọba ìbílẹ̀ sì jẹ́ 774; 16 nínú wọn wà ní Kwara, Ọ̀fà sì jẹ́ ọ̀kan. Olú-ìlú ti súnmọ́ wa; ǹjẹ́ agbára bá a wá bí? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpò tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá. Nítorínáà ní ọjọ́ 11 oṣù July ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí a máa san owó náà tààrà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn.

Ìjọ pẹ̀lú ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oyè àti àṣẹ. Ní ọdún 1864 ni a fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí a rán wá sí Odò Ọya dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Oyè kù sí i lọ́wọ́. Àṣẹ ti lọ. Ọdún 1979 ni Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà tó di ẹni tí ó ní bíṣọ́ọ̀bù àgbà tirẹ̀. Lónìí Ọ̀fà náà ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Àti iná mànàmáná: bí okùn ńlá kan ṣoṣo bá já, ọ̀pọ̀ ìlú a ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorínáà ni òfin ọdún 2023 fi fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná, kí wọ́n sì pín in fúnra wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun gbogbo ni a lè pín. Ìlú kan kò lè dá ní ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Ọ̀fà kọjá láti Èkó lọ sí Kánò. Nígbà tí Jẹ́tírò gba Mósè nímọ̀ràn láti yan olórí ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti mẹ́wàá, ọ̀ràn líle ṣì kù fún Mósè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá gba àṣẹ ti gba ìṣirò pẹ̀lú. Bí owó bá wà ní Ìlọrin, a lè tọ́ka sí Ìlọrin. Bí ó bá dé Ọ̀fà, ta ni a ó tọ́ka sí? Àwọn baba wa kò dúró de Kàdúná kí wọ́n tó dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1943. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ó mọ̀wé lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn iye tí ó wọlé àti ohun tí a fi ṣe. Bí a kò bá bèèrè, a ó kàn gbé ọ̀gá kan kúrò ní òkèèrè wá sí ìtòsí ni; a kò tíì pín agbára.