Ohun Tí Dókítà Ti Mọ̀ Kí Èsì Àyẹ̀wò Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí bí dókítà ṣe ń mọ àrùn tó ń ṣe ènìyàn.

Ká ní ẹni méjì dé ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ara wọn gbóná, orí ń fọ́ wọn. Ọ̀kan kò kúrò nílùú òyìnbó rí. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní fojú kan náà wò wọ́n. Kíá ni yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti Ìbàdàn dé wò bóyá ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni ni, torí ibà náà wọ́pọ̀ níbẹ̀, ó sì lè tètè pààyàn.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Bayes, ló ṣe ìṣirò tó wà nídìí irú ìrònú yìí. Ó kú ní 1761; ọ̀rẹ́ rẹ̀, Richard Price, ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà di títẹ̀ jáde ní 1763. Kókó rẹ̀ rèé: bí ẹ̀rí tuntun bá dé, da á pọ̀ mọ́ ohun tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí o tó pinnu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní nínú 1,000 ènìyàn, 10 péré ló ní àrùn kan. Àyẹ̀wò tí à ń lò ń mú 9 nínú 10 àwọn tó ní in, ṣùgbọ́n nínú ẹni 10 tí kò ní in, ó ń purọ́ mọ́ 1. Bí gbogbo wọn bá ṣe é, ẹni 108 ni yóò gbọ́ pé àrùn wà lára àwọn. Nínú wọn, 9 péré ló ní in lóòótọ́. Irọ́ ni ti 99 tó kù. Ẹ wá gbé àyẹ̀wò kan náà lọ síbi tí ẹni 500 nínú 1,000 ti ní àrùn náà: òótọ́ yóò di 450, irọ́ yóò di 50.

Ní 1972, dókítà Tim de Dombal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n fi ìṣirò Bayes sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi wo aláìsàn 304 tí inú ń run gidigidi. Kọ̀ǹpútà mọ àrùn wọn ní ìdá 91.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn dókítà àgbà mọ̀ ọ́n ní ìdá 79.6. Ìdáhùn tí àwọn aláìsàn fún dókítà wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà fi ṣírò.

Nítorí náà, bí dókítà bá ń bi yín ní ibi tí ẹ rìn dé, ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, àti àrùn tó wà nínú ìdílé yín, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Bí ìwé àyẹ̀wò bá sì ní àrùn wà, ẹ má gba ilé olóògùn lọ tààrà. Ẹ gbé e padà fún dókítà, kí ẹ bi í pé: "Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa mi, báwo ni èsì yìí ṣe dájú tó?" Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè.