Ìwé Inú Garawa

Níbo lèèyàn lè fi òótọ́ pamọ́ sí nígbà tí ikú bá ń kanlẹ̀kùn?

Ní Warsaw, lórílẹ̀-èdè Pólàǹdì, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, ìjọba Násì ti Jámánì sé àwọn Júù tó lé ní 400,000 mọ́ àdúgbò kan ṣoṣo. Emanuel Ringelblum, onímọ̀ ìtàn, kó àwọn èèyàn jọ ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n ń kọ ohun tójú wọn ń rí sílẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú lẹ́tà, ìwé ìròyìn àti káàdì oúnjẹ. Wọ́n wá rì àwọn ìwé náà mọ́lẹ̀ nínú àpótí páànù àti garawa mílíìkì.

Àwọn Násì pa Ringelblum ní 1944.

Mẹ́ta péré ló là á já nínú ẹgbẹ́ náà. Rachel Auerbach, ọ̀kan nínú wọn, jà kí wọ́n lè hú ìwé náà jáde. Wọ́n rí àpótí ní 1946, wọ́n rí garawa ní 1950. Lẹ́yìn náà, Auerbach gba ẹ̀rí àwọn tó yè sílẹ̀ fún Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí Násì pa.

Ìwé ìtàn sọ fún wa pé bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ni Násì pa. Àwọn tó yè sọ orúkọ àwọn tó kú. Ẹ jẹ́ ká máa ka ìwé ìtàn àti ẹ̀rí àwọn tó yè pọ̀.